Abẹ́rẹ́ Inú Aṣọ Tíátà

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù kejì

Ìwé méjì ni mo rà lónìí. Olùkọ́ wa ní kí oníkálukú ní ìwé kan tí yóò máa kọ èrò ọkàn rẹ̀ sí lẹ́yìn kíláàsì Ọjọ́bọ̀, òun yóò sì máa gbà á kà. Mo ti kọ tèmi sínú ìwé àkọ́kọ́: "Mo gbádùn ẹ̀kọ́ òní púpọ̀. Ẹ ṣeun, sà." Ìwé kejì nìyí. Ẹnikẹ́ni ò ní kà á, nítorí náà mo lè sọ òótọ́ níbẹ̀.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé inú ń bí mi.

Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn ní ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn wa, nínú ooru ẹ̀rọ. Mo sáré wọ bọ́ọ̀sì, mo dé kíláàsì láago mẹ́rin, bàtà mi ṣì tutù. Olùkọ́ náà, ọmọkùnrin kan tí mo lè bí, dúró níwájú pátákó, ó ní kí á kọ ọgbọ̀n nǹkan tí èèyàn lè fi búlọ́ọ̀kù kan ṣe. Ọgbọ̀n! Ó ní bí a ṣe ń kọ́ ọpọlọ láti wá ojútùú sí ìṣòro nìyẹn. Mo kọ mẹ́ta: a lè fi kọ́lé, a lè fi ti ilẹ̀kùn, a lè sọ ọ́ lu olè. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ máa kọ ọ́ lọ. Kò sí ìdáhùn tó burú."

Kò sí ìdáhùn tó burú kẹ̀! Kó wá da aṣọ wọ́ọ̀dù àwọn ìkókó pọ̀ mọ́ ti tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ, kó wá rí ìdáhùn tó burú. Bí kì í bá ṣe pé wọ́n ní ẹni tí kò níwèé ẹ̀rí ò lè di alábòójútó láéláé níbi iṣẹ́ wa, kí ni mo wá ṣe nídìí búlọ́ọ̀kù lọ́mọ ọdún mẹ́tàlélógójì?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Wọ́n pín wa sí ẹgbẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Èmi, bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe, àti ọmọbìnrin onídìrí kan tó lóyún oṣù márùn-ún. Iṣẹ́ òní: ìwé ìròyìn mẹ́wàá, gọ́ọ̀mù kan, kí á fi wọ́n kọ́ ilé gogoro tó máa dá dúró fún ìṣẹ́jú kan. Tiwa dúró, ó tẹ̀, ó wó lu Onídìrí lórí. Bàbá Onírédíò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Aṣọ tí mo sá sílé ò tíì gbẹ, òjò sì ti ń ṣú.

Mo kọ sínú ìwé olùkọ́ pé mo kọ́ ìfọwọ́sowọ́pọ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Abẹ́rẹ́ gún Ìyá Ìbejì.

Èmi àti ẹ̀, tí a jọ ń fọṣọ, la jọ dúró nídìí tábìlì, àpò tíátà kẹta la ń tú. Ó fa aṣọ kan jáde, ó ní "Yéè!", kò tiẹ̀ pariwo. Abẹ́rẹ́ gígùn, irú èyí tí wọ́n fi ń gún aláìsàn lóògùn, ti gba inú ìbọ̀wọ́ rọ́bà wọ àtàǹpàkò rẹ̀. Èmi ni mo bọ́ ìbọ̀wọ́ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti kún ibẹ̀. Mo fi ọwọ́ náà sábẹ́ omi ẹ̀rọ, mo ń wí pé "kò sí nǹkan, kò sí nǹkan", bẹ́ẹ̀ èmi náà mọ̀ pé nǹkan wà. Ẹ̀jẹ̀ ta ló wà lẹ́nu abẹ́rẹ́ yẹn? A ò mọ̀. Wọ́n dì í wá nínú àpò tí kò lórúkọ.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Wọ́n fún un lóògùn oṣù kan gbáko. Wọ́n ní kó padà wá fún àyẹ̀wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó tún wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìgbà yẹn ni àwọn tó lè sọ pé kò kó nǹkan kan.

Èyí tó dùn mí jù ni ti fọ́ọ̀mù. Alábòójútó wa gbé fọ́ọ̀mù wá, ó ti kọ ọ́ tán kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n béèrè níbẹ̀ pé ṣé ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ náà. Ó kọ "Rárá".

Mo ní, "Ọ̀gá, ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Òun rèé. Ẹ wo ihò ibẹ̀."

Ó ní, "Tó bá jẹ́ ìbọ̀wọ́ gidi ni, abẹ́rẹ́ ò ní wọlé."

"Ta ló wá fún wa ní èyí tí kì í ṣe gidi?"

Ó ní kí n padà sídìí iṣẹ́ mi. Ìyá Ìbejì fi ọwọ́ tí wọ́n dì ní báńdéèjì buwọ́ lù ú, torí wọ́n ní láìbuwọ́lù kò sóògùn. Wọ́n gún un tán, wọ́n tún ní òun ló gún ara rẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Oògùn náà mú un bì lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó ṣì wá síbi iṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Ẹ wo ohun tí ojú mi rí lónìí. Olùkọ́ ní iṣẹ́ ńlá ti dé báyìí: kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ìṣòro kan láti inú ayé ara wọn, kí wọ́n wá ojútùú sí i títí ìparí ẹ̀kọ́, àwọn àlejò yóò sì wá wò ó. Kó tó sọ̀rọ̀ tán ni mo ti na ọwọ́ sókè. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, abẹ́rẹ́, àpò, fọ́ọ̀mù.

Olùkọ́ fọwọ́ ra ọrùn, ó ní, "Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo jù fún iṣẹ́ kíláàsì. Ẹ wá èyí tó máa dùn ún ṣe. Ẹ wo bí èrò ṣe ń ti ara wọn ní ibùdókọ̀ níwájú ilé ìwé wa yìí."

Mo ní, "Sà, ẹ ní láti inú ayé wa. Ayé tèmi nìyí. Ayé ta lẹ fẹ́ kí n lọ yá?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi ò pa ẹ̀rín kankan. Bàbá Onírédíò ló dìde. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, òun ló sì dàgbà jù nínú kíláàsì. Ó ní, "Olùkọ́, a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Èyí ni ẹgbẹ́ wa máa ṣe." Ó jókòó. Onídìrí náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ yẹn tilẹ̀ ti fẹ́ kí á ṣe ọ̀rọ̀ iná tó máa ń lọ tí òun bá ti gbé ẹ̀rọ tó ń mú irun gbẹ lé oníbàárà lórí, ó gbé tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí tèmi.

Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

Láti òní lọ, abẹ́rẹ́ tàbí bíléèdì yòówù tí a bá rí nínú aṣọ, a ò ní jù ú nù mọ́. Mo gbé ìgò ńlá kan tó ní ìdérí wá láti ilé. Ẹ̀mú ni a ó máa fi mú un, a ó jù ú síbẹ̀, a ó kọ ọjọ́ rẹ̀ sórí ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Méjì lónìí nìkan.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Olùkọ́ ní kí á kọ ìṣòro wa bí ìbéèrè kan ṣoṣo. Wákàtí kan gbáko la fi jà sí i. Onídìrí kọ, "Báwo ni àwọn afọṣọ ṣe lè ṣọ́ra sí i?" Mo gba kálámù lọ́wọ́ ẹ̀, mo fa igi lé e. Ọ̀rọ̀ alábòójútó nìyẹn! Ṣọ́ra, ṣọ́ra, bí ẹni pé à ń fọwọ́ wá abẹ́rẹ́ kiri ni. Níkẹyìn a kọ ọ́ báyìí: "Báwo la ṣe máa rí abẹ́rẹ́ kó tó rí wa?"

Bí a ṣe kọ ọ́ tán ni Bàbá Onírédíò lu tábìlì gbàm̀. "Òòfà!" Ó ní nídìí gbogbo sípíkà tó ti kú ni òòfà wà, òun sì ní wọn ní ṣọ́ọ̀bù jìnwìnnì. Kí á tò wọ́n sábẹ́ tábìlì, kí á máa fa aṣọ gba orí rẹ̀ kọjá, abẹ́rẹ́ yóò dúró, aṣọ yóò lọ.

Mo fẹ́ràn bàbá yẹn.

Àìkú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo sọ fún bàbá àwọn ọmọ mi pé kó bá mi kan tábìlì tí pákó orí rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ó ní, "Ìyáa wọn, ṣé kì í ṣe ìwé lẹ ní ẹ̀ ń lọ kọ́? Ìgbà wo ló di iṣẹ́ káfíńtà?" Ó yínmú sí mi títí, ṣùgbọ́n kó tó di ọ̀sán ó ti kàn án tán, ó tún fi yanrìn-pépà dán an kí aṣọ má baà há. Bàbá Onírédíò gbé òòfà mẹ́fà wá, wọ́n jọ fi ìṣó kékeré dè wọ́n mọ́ ìsàlẹ̀. Ọmọbìnrin mi ju abẹ́rẹ́ ìránṣọ sórí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà fò, ó lẹ̀ mọ́ pákó táí!

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

A fi hàn ní kíláàsì. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ mẹ́wàá nínú aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan, mẹ́wàá-mẹ́wàá ló dúró. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Olùkọ́ fò sókè bí ọmọdé. Lónìí, nínú ìwé tirẹ̀, mo kọ pé mo gbádùn ẹ̀kọ́, òótọ́ sì ni.

Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Ká má tiẹ̀ sọ ọ́.

A gbé tábìlì náà wọ ibi iṣẹ́ lásìkò ìsinmi. Mo mú nǹkan inú ìgò jáde pẹ̀lú ẹ̀mú, mo fi wọ́n sínú aṣọ, mo fà á. Bíléèdì dúró. Abẹ́rẹ́ kéékèèké tí wọ́n fi ń rán ojú ọgbẹ́ dúró. Èyí tí wọ́n fi ń gún lóògùn, irú èyí tó gún Ìyá Ìbejì gan-an, bá aṣọ kọjá wẹ́rẹ́ bí ẹni pé òòfà ò sí níbẹ̀. Mo fà á lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀karùn-ún. Ìyá Ìbejì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wò ó. Ó kàn fi ọwọ́ bo àtàǹpàkò rẹ̀.

Mo gba ṣọ́ọ̀bù Bàbá Onírédíò kọjá. Ó yẹ abẹ́rẹ́ náà wò nínú ike tí mo gbé e sí, ó mí kanlẹ̀. "Gbogbo ohun tó ń dán kọ́ ni òòfà mọ̀ o. Oríṣi irin míì lèyí." Ó ní kí n má bínú. Mo bínú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Olùkọ́ ní, "Màmá, ìkùnà náà jẹ́ ara ẹ̀kọ́." Ìyẹn ló tú àpò ẹnu mi.

Mo ní, "Sà, tí ilé ìwé ìròyìn bá wó, ìwé ló wó. Tí èyí bá wó, ẹ̀jẹ̀ èèyàn ni. Ẹ ní kò sí ìdáhùn tó burú. Mo rí ọ̀kan lọ́jọ́ Ajé. Ẹ ò fẹsẹ̀ tẹ ibi tí mò ń sọ rí, ẹ kàn ń dúró nídìí pátákó ẹ ń sọ pé ó jẹ́ ara ẹ̀kọ́!"

N kò sọ̀rọ̀ báyẹn sí olùkọ́ rí. Nígbà tí kíláàsì tú, ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ṣé mo lè wá wò ó?"

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Ó wá lóòótọ́. Mo fún un ní ìbọ̀wọ́ wa, mo ní kó tú àpò kan. Ó fa aṣọ àkọ́kọ́ jáde, ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ ló wà lára rẹ̀, ó sì dúró. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ nínú rọ́bà fẹ́lẹ́ yẹn. Ó wo àwọn àpò tó kù, ọgbọ̀n ó lé díẹ̀, wọ́n tò dé àjà. Òógùn bò ó. Kò lè fa ìkejì.

Ó ní, "Ojoojúmọ́?"

Ìyá Ìbejì dá a lóhùn: "Àfi ọjọ́ Àìkú, ọmọ mi."

Kí ó tó lọ, ó kúnlẹ̀ nídìí ìgò, ó ka ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ọn láti òkè dé ilẹ̀, ó béèrè ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò tíì béèrè: "Ta ló ń di àwọn àpò yìí?"

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Orí ìbéèrè yẹn la wà látàárọ̀ Ajé. Bàbá Onírédíò ní tí rédíò bá jóná, òun kì í bá wáyà tó jó kẹ́yìn jà, ibi tí iná ti wọlé lòun máa ń tọ̀ lọ. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó wá. Abẹ́rẹ́ ò hù nínú aṣọ. Ọwọ́ ẹnì kan ló fi í síbẹ̀, ẹnì kan náà ló di àpò. Ọ̀dọ̀ onítọ̀hún ni kó ti dúró.

Ṣùgbọ́n báwo la ṣe máa mọ onítọ̀hún? Wọ́ọ̀dù méje àti tíátà, àpò kan náà, àwọ̀ kan náà; aṣọ inú rẹ̀ nìkan la fi ń dá ti tíátà mọ̀, a ò sì mọ ẹni tó dì í. Onídìrí ń jẹ búrẹ́dì, ó ní, láìgbé ojú sókè, pé ní ṣọ́ọ̀bù òun, irun oníbàárà mẹ́wàá lè wà lórí àga kan, kò sì sí ìgbà tó dàrú rí, torí òun máa ń so òwú aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ ìdì kọ̀ọ̀kan, orúkọ oníkálukú á sì wà nínú ẹ̀.

Èmi àti Bàbá wo ara wa.

"Kí ló dé?" ó ní. "Ṣé mo sọ ohun tí kò dáa ni?"

Bó ṣe rí nìyẹn. Ọ̀já aṣọ aláwọ̀ kan fún wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá di àpò ló máa kọ orúkọ rẹ̀ sórí ọ̀já, kó tó so ó. Tó bá mọ̀ pé òun máa kọ orúkọ, á kọ́kọ́ gbọn aṣọ náà dáadáa. Mo ti pẹ́ láyé tó láti mọ̀ pé kò sẹ́ni tó fẹ́ kí orúkọ òun wà lára àpò tí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, ọgbọ̀n ọjọ́

Àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: kò sí nǹkan. Ìyá Ìbejì ní òun ò tíì ní jó. Ó ku ti oṣù mẹ́ta. Ó ní láti ọjọ́ yẹn òun ò jẹ́ kí àwọn ìbejì fi abẹ tí òun fi ń gé èékánná gé tiwọn mọ́. Ó ra tiwọn lọ́tọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin

Àwọn àlejò dé. Mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ ibi ọ̀wọ̀. Ọ̀gá àgbà kan láti ilé ìwòsàn wa wà nínú wọn, ó jókòó níwájú pátápátá. Mo sọ̀rọ̀, ohùn mi ò gbọ̀n. Onídìrí so ọ̀já mọ́ àpò lójú wọn, Bàbá ṣàlàyé ti òòfà, ibi tó ti ṣiṣẹ́ àti ibi tí kò ti ṣiṣẹ́. Ọ̀gá àgbà ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Àbá tó gbámúṣé! Ẹ kọ ọ́ wá sí ọ́fíìsì mi." Wọ́n yà wá ní fọ́tò.

Ẹtì, ọgbọ̀n ọjọ́

Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá tí a ti kọ ọ́ lọ. Kò sí èsì. Mo bi akọ̀wé ọ́fíìsì, ó ní ó wà nínú fáìlì. Mo ní fáìlì wo? Ó ní fáìlì àwọn àbá.

Alábòójútó pè mí sẹ́yìn ẹ̀rọ. "Ta ló rán ẹ níṣẹ́? O lọ tú àṣírí ibi iṣẹ́ wa síta fún àwọn ọmọ ilé ìwé."

Mo ní, "Ọ̀gá, iwájú ọ̀gá yín ni mo ti sọ ọ́, ó sì pàtẹ́wọ́."

Bí àtẹ́wọ́ bá ń dá abẹ́rẹ́ dúró, à bá ti yọ.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún

Mo fẹ́ kọ ti òní bó ṣe rí gẹ́lẹ́, kí n má baà gbàgbé.

Láago mẹ́jọ àárọ̀, obìnrin tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá gbé àpò kan mọ́ra, bíléèdì yọ gba ara àpò, ó la épírọ́ọ̀nù rẹ̀ láti ìgbáyà dé ikùn. Kò kan ara rẹ̀. Ìwọ̀n ìka kan ló kù. Ọmọ náà dúró, ó ń wo épírọ́ọ̀nù tó ya, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ mi. Mo tò ó sórí tábìlì. Mo ní, "Àpò tí kò bá ní orúkọ ẹni tó dì í, èmi ò tú u mọ́." Mo jókòó.

Mo rò pé èmi nìkan ni. Ìyá Ìbejì bọ́ tirẹ̀. Obìnrin tuntun náà bọ́ tirẹ̀. Kó tó pẹ́, àwa méjèèje la ti jókòó sórí àga gígùn, a ká ọwọ́ gbera, ẹ̀rọ dákẹ́. Ọdún kọkànlá mi níbẹ̀ rèé, mi ò gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ nínú yàrá yẹn rí.

Alábòójútó bínú, ó bẹ̀bẹ̀, ó tún bínú. Ó ní òun máa kọ orúkọ wa. Ìyá Ìbejì ní, "Ẹ kọ ọ́, ọ̀gá. Ẹ tiẹ̀ kọ ọ́ dáadáa lọ́tẹ̀ yìí."

Nígbà tó di aago kan ọ̀sán, aṣọ tán ní tíátà. A gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mátíróònù tíátà fúnra rẹ̀ ni, mi ò rí i nísàlẹ̀ rí. Ó fi ọwọ́ bo imú, ó ń wò yíká bí ẹni tó ṣìnà.

"Kí ló dé tí aṣọ ò gòkè? Aláìsàn wà nílẹ̀!"

Mo gbé ìgò náà síwájú rẹ̀. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà nínú rẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó wò ó, ó ka àwọn ọjọ́ tí a kọ.

"Inú aṣọ wa lẹ ti rí gbogbo èyí?"

"Àti ti àwọn wọ́ọ̀dù, mà. A ò mọ ẹni tó dì wọ́n, àpò ò lórúkọ."

Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Mo rò pé ẹ̀rọ kan ló ń tú àwọn àpò yìí."

Ìyá Ìbejì na àtàǹpàkò rẹ̀ síta. "Èmi ni ẹ̀rọ náà, mà."

Obìnrin náà wo àtàǹpàkò náà. Lẹ́yìn náà ó ní kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọ̀já tí òun gbọ́ pé mo kọ. Mo ṣàlàyé. Ó gòkè lọ, kò sì ju wákàtí kan lọ tí nọ́ọ̀sì mẹ́ta fi sọ̀ kalẹ̀ wá tú àpò tíátà ọjọ́ náà fúnra wọn, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tó nípọn. Wọ́n rí méjì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Àṣẹ ti jáde. Láti ọjọ́ Ajé, àpò tí kò bá ní ọ̀já àti orúkọ kò gbọdọ̀ kúrò ní wọ́ọ̀dù. Àwọn ìbọ̀wọ́ tuntun dé, wọ́n nípọn bíi bàtà. Inú mi dùn títí mo fi ka pátákó ìkéde: "Ètò tuntun láti ọwọ́ alábòójútó ilé ìfọṣọ." Láti ọwọ́ ta? Láti ọwọ́ ẹni tó kọ "Rárá"! Mo fẹ́ fa ìwé náà ya. Bàbá àwọn ọmọ mi ní kí n fi sílẹ̀, pé ṣé orúkọ ni mo fẹ́ ni àbí ìbọ̀wọ́. Mo ní méjèèjì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Máàkì dé láti ọ́fíìsì ìdánwò. Mọ́kànlélọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ní a yí ìbéèrè wa padà láàárín iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ìlànà ò fàyè gbà á. Ẹgbẹ́ ibùdókọ̀ gba méjìdínláàádọ́rùn-ún, àwòrán wọn rẹwà. Olùkọ́ ló mú ìwé náà wá, ojú rẹ̀ pọ́n ju tèmi lọ. Ó ti kọ lẹ́tà méjì lọ bá wọn. Ó ní òun máa kọ ẹ̀kẹta. Onídìrí, tí ikùn rẹ̀ ti ga dé àyà báyìí, ní kó fi sílẹ̀, a yege, ìyẹn náà tó. Kò tó. Ẹ kọ ọ́, sà.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Ìbejì mọ́ tónítóní. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àyẹ̀wò, ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó sunkún. Èmi náà sun tèmi.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Àpò kan dé láàárọ̀ yìí láìní ọ̀já. Pupa ni ọ̀já tíátà, kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ tíátà yọ lẹ́nu àpò náà, mo sì mọ̀ ọ́n lójú. Gbogbo wọn wò mí. Alábòójútó ní, "Ẹyọ kan ṣoṣo ni, ẹ tú u, ká lè ráyè."

Mo gbé e lé èjìká. Àjà kẹta ni tíátà wà. Mo gba àtẹ̀gùn, bàtà tutù mi ń sọ fìyà-fìyà lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Mo kan ilẹ̀kùn. Dókítà kékeré kan yọjú, ó ń jẹ bisikíìtì.

"Màmá, ẹ ti ṣìnà. Aṣọ ìdọ̀tí kì í gba ibí wọlé."

"Ó gba ibí jáde, sà. Ẹ bá mi tú u."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú mi, ẹ̀rín náà tán. Ó wọ ìbọ̀wọ́, méjì léra wọn, ó tú àpò náà sórí ilẹ̀, ó ń fa aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ sọ pé ṣé ẹ ti rí i báyìí. Lórí aṣọ kẹrin, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ó rọra fi ìka méjì gbé abẹ́rẹ́ náà sókè. Ìdérí ò sí lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo tèmi, ó wá yíjú sínú yàrá.

"Ta ló di àpò yìí?"

Ó tún béèrè. Mo yí padà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Mo ti dé àjà kìíní kí n tó gbọ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó ti ń pariwo.

Ẹ jẹ́ kó pariwo.